Òjìji tó ń gun ògiri: ohun tójú mi rí kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe

Àbúrò, mo ti ka ìbéèrè ẹ. O ní ọmọ tí o yà nínú Krita, ètò orí kọ̀ǹpútà tá a fi ń yàwòrán, ń rìn lọ nínú kọ́ridọ̀ lálẹ́, iná wà lẹ́yìn ẹ̀, òjìji ẹ̀ dáa nílẹ̀, àmọ́ tó bá ti kan ògiri, ńṣe ló ń lẹ̀ mọ́ ọn bíi sítíkà, o wá ń béèrè bóyá ọwọ́ lo máa fi ya gbogbo ẹ̀ ní fíréèmù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ojú kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ̀ léra tí àwòrán fi ń dà bíi pé ó ń rìn. Àánú ẹ ṣe mí. Nǹkan yìí gan-an ló gba oorun lójú mi fún òru mẹ́sàn-án.

Ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́, tó gbowó gọbọi lọ́wọ́ wa, ohun tó sọ ni pé òjìji ò le: ẹ kọ́pì ọmọ tẹ́ ẹ yà, ẹ kùn ún ní dúdú, ẹ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó parí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé bíi pé Bíbélì ni. Mi ò ní irọ́ ló pa o. Ó ń ṣiṣẹ́ tó bá jẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, tó bá sì jẹ́ oòrùn ló ń ràn, torí oòrùn jìnnà débi pé ibi yòówù kí èèyàn rìn dé lójú ilẹ̀ yẹn, òjìji ẹ̀ ò ní gùn sí i, kò ní kúrú. Gílóòbù ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ká ní gílóòbù wà lókè ní mítà 6, ọmọ ga ní mítà 1.5. Tó bá rìn jìnnà sí abẹ́ iná ní mítà 3, òjìji ẹ̀ á gùn ní mítà 1. Tó bá dé mítà 6, ó di 2. Mítà 9, ó di 3. Orí òjìji máa ń sáré ju ọmọ fúnra ẹ̀ lọ. Ọ̀gá ò sọ ìyẹn fún ẹnì kankan.

Iṣẹ́ tó pa mí lẹ́kún, ìpolówó ọjà ni, ọmọ kan gbé korobá omi gun àtẹ̀gùn lálẹ́, gílóòbù kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú àáyá 14 péré. Péré kẹ̀! Fíréèmù 24 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán kan ni mò ń lò fún fíréèmù méjì, ìyẹn àwòrán 168. Mo ya òjìji 168 lé e, gbogbo ẹ̀ lórí layer kan náà (layer ni ìpele tá a ń yàwòrán sí, tá a ń tò léra), mo tẹ̀ ẹ́ bí ọ̀gá ṣe wí. Ìgbà tá a gbé e wò, òjìji yẹn kọjá lórí àtẹ̀gùn gbọrọgbọrọ bí ìgbà téèyàn ń fa kápẹ́ẹ̀tì, bíi pé àtẹ̀gùn kankan ò sí níbẹ̀. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní supervisor, tí mi ò rí i kó mú pẹ́ńsù dání rí láyé mi, ó wo ojú kọ̀ǹpútà títí, ó ní ṣé a lè fi feeling díẹ̀ kún un ni. Feeling! Ó dá gbogbo ẹ̀ padà, kò sọ ibi tó ti bàjẹ́, torí òun náà ò mọ̀ ọ́n.

Mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Lóru kẹta, iná lọ, bátìrì laptop náà kú, àwòrán bí ogójì tí mi ò tíì save bá a lọ. (Jọ̀ọ́, máa save iṣẹ́ ẹ lórúkọ tuntun ní gbogbo ìdajì wákàtí, má jókòó ti autosave. Má sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọn ò bá tíì san ìdajì owó, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.) Mo jókòó sínú òkùnkùn, inú ń bí mi, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, bí mo ṣe rí òjìji agolo mílíìkì kan lára ògiri nìyẹn. Mo to ìwé mẹ́rin léra bí àtẹ̀gùn, mo wá ń ti agolo yẹn lọ díẹ̀díẹ̀ níwájú ẹ̀. Lórí ìwé, òjìji sùn gbalaja. Tó bá kan ibi tí ìwé kejì ti dúró, ó nàró. Ó tún sùn, ó tún nàró, ó ṣe kọ́lọkọ̀lọ lọ sókè. Ibi tó sì ti ń ṣẹ́, etí ìwé gan-an ni, kò ṣẹ́ ṣáájú ẹ̀, kò ṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀. Mo wò ó títí mo fi ń rẹ́rìn-ín èmi nìkan. Owó gọbọi, agolo mílíìkì ló wá kọ́ mi.

Ah, ògiri lo béèrè, èmi ti gun àtẹ̀gùn lọ. Bákan náà ni. Òjìji ẹ kì í ṣe ẹyọ kan mọ́ tó bá ti kan ògiri, méjì ni: ti ilẹ̀, ti ògiri. Ti ilẹ̀ tẹ̀lé bí ilẹ̀ ṣe lọ, ti ògiri dúró bí ògiri ṣe dúró, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ pàdé lórí ìlà tí ilẹ̀ fi kan ògiri, ní ojú kan náà, ìbú kan náà, nínú gbogbo àwòrán. Ìlà yẹn ni kó o kọ́kọ́ fà. Ti ẹsẹ̀, o ti mọ̀: ẹsẹ̀ kanlẹ̀, òjìji kàn án; ẹsẹ̀ gbéra, òjìji yà kúrò lára ẹ̀.

Nínú Krita, ya ti ilẹ̀ sórí layer kan, ti ògiri sórí òmíràn, fi Transparency Mask, ìyẹn ìbòjú tó ń fi ibi tó ò fẹ́ kó hàn pamọ́, sí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó má bàa ṣàn kọjá ibi tó yẹ kó wà. Kùn wọ́n kí wọ́n ki dáadáa, má fi Multiply, èyí tó ń mú kí àwọ̀ abẹ́ ẹ̀ ṣú sí i, sórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan! Kó àwọn méjèèjì sínú group kan, ìyẹn àpò tó ń kó layer pọ̀, orí group yẹn ni kó o ti fi Multiply sí, kó o sì dín opacity ẹ̀, ìyẹn bó ṣe ki tó, kù. Tó o bá fi í sórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi tí wọ́n ti gun ara wọn níbi ìlà yẹn á ṣú ní ìlọ́po méjì, wàá rí nǹkan bí òwú dúdú, wàá máa wá a kiri bí mo ṣe wá tèmi fún odindi ọjọ́ kan. Tó bá ti wà nínú group, jẹ́ kí ti ilẹ̀ wọ abẹ́ ti ògiri díẹ̀, kò ní hàn. Àwọn tó ń fọwọ́ ya fíìmù kàtúùnù sórí ike láyé àtijọ́, ike ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń ya òjìji sí, kámẹ́rà á ya fíréèmù kan náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú òjìji, lẹ́ẹ̀kan láìsí i, kí ilẹ̀ lè hàn lábẹ́ ẹ̀. Ohun kan náà là ń fi group ṣe. Má sì fi dúdú gbáú kùn ún, búlúù tó ṣú ni mo máa ń lò lálẹ́.

Ọwọ́ ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́ ni, Krita ò ní bá ẹ ya èyí tó wà láàárín àwòrán kan sí èkejì. Àmọ́ má ya ìka, má ya bọ́tìnnì; orí, èjìká àti ẹsẹ̀ nìkan ti tó.

Ohun tí mo fẹ́ bi ẹ́ rèé: iná ẹ yìí, báwo ló ṣe ga tó? O kàn ní ó wà lẹ́yìn ẹ̀. Tó bá ga ju ọmọ lọ, òjìji ò ní kan ògiri níbẹ̀rẹ̀ tí ọmọ ṣì wà nítòsí iná. Tó bá wá ń sún mọ́ ògiri, orí ẹ̀ á yọ láti ìsàlẹ̀, á máa gùn sókè títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọmọ gan-an. Tó bá jẹ́ fìtílà orí àpótí tó rẹlẹ̀ sí orí ọmọ ni, òdì kejì ni: òjìji á kọ́kọ́ tóbi bí òmìrán lára ògiri, bó ṣe ń rìn lọ ni á máa kéré. Èwo ni tìẹ? Gbé agolo kan sílẹ̀ lálẹ́ òní, fi tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí iná ẹ wà, fi fóònù mìíràn ká a ní fídíò, kó o fi fídíò yẹn ránṣẹ́ kí n wò ó kó o tó ya ẹyọ kan.