Ẹ Bi Wá: Kí Ni Wọ́n Fẹ́ Fi Mímì Áyọ́ọ̀nù Ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Mo kà á pé wọ́n máa ń fi iná mànàmáná há áyọ́ọ̀nù mọ́ ojú kan, wọ́n á wá fi lésà darí bí gbogbo wọn ṣe jọ ń mì, wọ́n ní àwọn fi ń ṣe àfarawé kúáńtọ́ọ̀mù, ìyẹn fífi átọ́ọ̀mù tó wà níkàáwọ́ wọn fara wé nǹkan míì tó ṣòro láti ṣírò. Èwo wá ni ti mímì? Ṣé nǹkan tó ń mì ò ní ba iṣẹ́ jẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ó lè bà á jẹ́ lóòótọ́, àmọ́ òun náà ló ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún.

Ẹ wò ó, áyọ́ọ̀nù ni átọ́ọ̀mù tí wọ́n ti yọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan lára ẹ̀, ytterbium tàbí calcium ni wọ́n sábà máa ń lò. Iná kan náà ló wà lára gbogbo wọn, torí náà ṣe ni wọ́n ń ti ara wọn, páńpẹ́, ìyẹn irin oníná tó há wọn mọ́, ò sì jẹ́ kí wọ́n ríbi sá lọ, ni wọ́n bá tò bí ìlẹ̀kẹ̀, bíi máíkírómítà 5 (ẹgbẹ̀rún máíkírómítà ló wà nínú mílímítà kan) ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Fún átọ́ọ̀mù, ọ̀nà jíjìn nìyẹn o! Títì yẹn nìkan ló so wọ́n pọ̀: tí ọ̀kan bá yẹ̀ díẹ̀, gbogbo ìlà á gbọ̀n, bí ìgbà téèyàn méjì sùn sórí bẹ́ẹ̀dì onísípíríìngì, tẹ́nì kan bá yíra padà ìkejì á mọ̀. Mímì yẹn ló ń bá wọn jíṣẹ́, Cirac àti Zoller, àwọn onímọ̀ físíìsì méjì, ló sì dábàá ẹ̀ ní 1995.

Ibi tó dùn jù rèé. Wọ́n á kọ́kọ́ fi lésà mú wọn tutù títí mímì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, lésà mìíràn á wá máa tì wọ́n. Áyọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan dà bí òòfà kékeré tó lè kọjú sókè tàbí sílẹ̀: èyí tó kọjú sókè lọ síbí, èyí tó kọjú sílẹ̀ lọ sọ́hùn-ún. Ẹ rántí jáńgílófà: tẹ́ ẹ bá ń tì í lásìkò tiẹ̀ gan-an, á máa ga sí i ni, àmọ́ tí títì yín bá fi díẹ̀ yàtọ̀ sí tiẹ̀, á kọ́kọ́ ga, tó bá yá ẹ̀yin àti òun ò ní bára yín mu mọ́, títì yín á máa dá a dúró, á sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó padà délé yẹn gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ pa lésà. Tí wọ́n bá pa á ṣáájú, mímì á ti kó lára àṣírí áyọ́ọ̀nù, ìyẹn ibi tó kọjú sí, lọ, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé áyọ́ọ̀nù 10 ní oríṣi mímì 30, kálukú pẹ̀lú ìyára tiẹ̀, gbogbo èyí tí lésà bá sì fọwọ́ kàn ló gbọ́dọ̀ padà délé lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń dín agbára lésà kù tí wọ́n á tún fi kún un láàárín iṣẹ́.

Ní ti àfarawé, tí lésà bá sún mọ́ ìyára mímì tí gbogbo wọn fi ń lọ síbì kan náà pọ̀, kálukú á máa gbọ́ kálukú, tí wọ́n bá sún un jìnnà, aládùúgbò nìkan ló kù tí wọ́n ń gbọ́ dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń yan irú òòfà tí wọ́n fẹ́ fara wé nìyẹn. Ní 2017, ikọ̀ onímọ̀ físíìsì Christopher Monroe ní Yunifásítì Maryland, ní Amẹ́ríkà, fi áyọ́ọ̀nù 53 ṣe irú ẹ̀.

Mímì tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù ni èyí tẹ́nì kankan ò rán níṣẹ́: ariwo iná láti ara irin páńpẹ́ ló ń fà á, bí irin bá ṣe sún mọ́ áyọ́ọ̀nù tó ló ṣe ń le tó, ìyẹn ni wọ́n fi ń mú àwọn páńpẹ́ kan tutù bíi yìnyín, ó tiẹ̀ tún ju yìnyín lọ dáadáa.