Ẹ má bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ràn igi

Ẹ ní wọ́n fẹ́ sọ pápá koríko àárín àdúgbò yín di ibi ìgbọ́kọ̀sí, ẹ wá ń béèrè pé ojúlé mélòó lẹ máa dé kẹ́ ẹ tó lè fi hàn pé àwọn ará ibẹ̀ kà á sí. Màá débẹ̀. Ìbéèrè orí fọ́ọ̀mù ló máa ń kọ́kọ́ ba iṣẹ́ yìí jẹ́.

"Ṣé ẹ fẹ́ràn igi?" Ta ló máa ní òun ò fẹ́ràn igi? Ẹ bi wọ́n pé: ìgbà wo lẹ débẹ̀ gbẹ̀yìn? Kí lẹ lọ ṣe? Ta lẹ mú dání? Kí ni kì í jẹ́ kẹ́ ẹ lọ?

Ti owó ló ń dunni jù. Wọ́n máa ń béèrè pé èló lẹ lè máa san lóṣooṣù kí pápá má baà parẹ́. Ẹni kan á dá iye tí kò ní san láéláé, ẹlòmíràn á kọ òdo. Òdo méjì ló sì wà o. Ọ̀kan ni ti ẹni tí pápá ò jámọ́ nǹkan lójú ẹ̀. Èkejì ni ti ẹni tó ń bínú: "Mo ti ń san owó orí, kí ni mo tún fẹ́ san?" Ẹni yìí lè jẹ́ ẹni tó ń gbá abẹ́ igi láràárọ̀. Tẹ́ ẹ bá da òdo méjèèjì pọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba á ní ẹ ò ka ibẹ̀ sí, ìwé yín gan-an ló sì máa fi gbè é lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun ò ní san nǹkan kan, ẹ bi í pé kí ló dé, kẹ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì ka ti àwọn tó ń bínú lọ́tọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá iye fúnra wọn. Ẹ pín fọ́ọ̀mù sí ọ̀nà mẹ́rin, kí ìpín kọ̀ọ̀kan ní iye owó tirẹ̀ tẹ́ ẹ ti kọ síbẹ̀, kí ìdáhùn sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìgbìmọ̀ tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Kenneth Arrow àti Robert Solow darí ní Amẹ́ríkà ní 1993 dámọ̀ràn irú ìbéèrè yìí, wọ́n sì ní kẹ́ ẹ rán olùdáhùn létí pé owó tó bá san síbẹ̀, kò ní lè fi ra nǹkan mìíràn mọ́.

Àwọn amòye tó ń gbé àwòrán ibi ìgbọ́kọ̀sí kiri ò ní ṣe ìyẹn. Wọ́n á jókòó ní pálọ̀ alága ẹgbẹ́ onílé fún wákàtí kan, wọ́n á kọ ọ́ pé àwọn ti gbọ́ tẹnu ará àdúgbò. Ayálégbé ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ńkọ́?

Ẹ ka iye èèyàn tó wà ní pápá pẹ̀lú: ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, ọjọ́ iṣẹ́ méjì, Sátidé àti Sọ́ńdè. Ẹ wo ibi tí koríko ti kú ní ìlà tóóró láti igun kan dé èkejì. Ẹ wo àga tó ń gbóná nínú oòrùn láìsí ẹni tó jókòó sí i, tí gbòǹgbò igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ti ń dán nítorí ìdí èèyàn.

Bí àwọn obìnrin bá ní ẹ̀rù ò jẹ́ káwọn gba ibẹ̀ lálẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n torí ẹ̀ wó igi. Igbó kúkúrú ló ń dí ojú. Ẹ gé e kó má ga ju orúnkún lọ, kẹ́ ẹ sì gé ẹ̀ka tó bá rẹlẹ̀ ju mítà 2. Ẹ má bẹ́ igi lórí o! Ẹ̀ka tó máa hù níbi tẹ́ ẹ bẹ́ kì í dì mọ́ ara igi dáadáa, atẹ́gùn á fà á já, wọ́n á wá ní igi ló léwu.

Bí wọ́n bá ní pápá mìíràn wà nítòsí, ẹ fẹsẹ̀ wọn ọ̀nà, ẹ má wo máàpù. Mítà 300 sílé, tó jẹ́ nǹkan bí ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ni ẹ̀ka Yúróòpù ti Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn.

Iye ojúlé: bí gbogbo ojúlé àdúgbò yín bá jẹ́ 200, ẹ dé 132 tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí àṣìṣe, ìyẹn ìyàtọ̀ tó lè wà láàárín ìdáhùn tẹ́ ẹ gbà àti ti gbogbo àdúgbò, má ju ìdá 5 nínú 100 lọ. Tí ìdá 10 bá tẹ́ yín lọ́rùn, 66 tó. Ẹ fa nọ́ńbà ilé nínú àpò, ẹ má lọ bá àwọn tó wà ní pápá nìkan. Ilé tẹ́ ò bá bá èèyàn, ẹ padà lọ lẹ́ẹ̀mejì, nírọ̀lẹ́ àti lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ má fi aládùúgbò rẹ̀ rọ́pò, torí ẹni tó máa ń wà nílé lọ́sàn-án àti ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, ojú tí wọ́n fi ń wo pápá yẹn ò dọ́gba.