Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Ọmọ Tó Fẹ́ Ka Jọ́gíráfì Ní Sixth Form

Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ sixth form lóṣù yìí pọ̀ gan-an, jọ́gíráfì ló sì gbawájú nínú wọn, inú mi dùn débi pé mo ní ká fi gbogbo ojú ìwé yìí ṣe tiẹ̀. England ni gbogbo ẹni tó kọ̀wé ń gbé, torí náà A-level ti England, ìyẹn ìdánwò ọdún méjì tó ń tẹ̀ lé GCSE kéèyàn tó wọ yunifásítì, ni mò ń sọ o, ètò ti Scotland yàtọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ gba èsì GCSE ẹ̀, ó dáa, a dúpẹ́. Àmọ́ ó ní jọ́gíráfì wà lára mẹ́ta tóun máa ṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ni bàbá ẹ̀ bá fárígá, wọ́n ní kí ni wọ́n ń fi orúkọ odò àti orúkọ olú ìlú ṣe, pé ọmọ tó mọ̀wé yẹ kó lọ ṣe ohun tó máa sọ ọ́ di lọ́yà tàbí dọ́kítà. Èmi ni mo wà láàárín àwọn méjèèjì báyìí. Kí ni kí n ṣe? *Ìyá Ọmọ, Leeds*

Èsì: Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Ẹ bá mi kí Bàbá dáadáa, torí ohun tí wọ́n ń sọ yẹn, ọ̀pọ̀ bàbá wa ló ń sọ ọ́, ìfẹ́ ọmọ ló sì wà nídìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n jọ́gíráfì tí wọ́n ní lọ́kàn, ìyẹn ká máa há orúkọ òkè àti odò sórí, kọ́ ni wọ́n ń kọ́ wọn ní A-level. Ohun tọ́mọ yín máa kà ni bí omi àti kábọ́ọ̀nù ṣe ń yí po láàárín òkun, ilẹ̀, igi àti afẹ́fẹ́, ìdí tí òkun fi ń jẹ etí ilẹ̀ níbì kan tí kì í sì í rí tibòmíì gbé ṣe, bí owó àti ọjà ṣe so orílẹ̀-èdè kan mọ́ èkejì, ìdí tí àdúgbò kan fi ń gòkè tí ìkejì ẹ̀ ń relẹ̀. Ẹ wo eléyìí: ní Mauna Loa ní Hawaii, láti 1958 ni wọ́n ti ń wọn carbon dioxide tó wà nínú afẹ́fẹ́, nígbà yẹn ó jẹ́ nǹkan bíi 315 nínú mílíọ̀nù kan, ní báyìí ó ti kọjá 420. Ọmọ tó bá lè ṣàlàyé ibi tí àfikún yẹn ti wá, tó lè sọ pé nǹkan bí ìdajì èyí táwa èèyàn ń tú sáfẹ́fẹ́ ni òkun àti igbó ń gbà mọ́ra, kó sì sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí wọn ò bá rí i gbà mọ́ra mọ́, kì í ṣe orúkọ odò lọmọ yẹn ń kà o.

Tó bá jẹ́ lọ́yà ni Bàbá fẹ́, ọ̀nà ò dí. Ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í béèrè pé kéèyàn ṣe subject kan pàtó kó tó lè ka òfin, ohun tí wọ́n ń wò ni ọmọ tó lè kàwé púpọ̀, tó lè kọ ọ́ sílẹ̀ kó ṣe kedere, tó sì lè gbèjà ohun tó bá sọ. Jọ́gíráfì kún fún ìyẹn. Tó bá jẹ́ dọ́kítà ni ọmọ fúnra ẹ̀ fẹ́ ṣe, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀, kẹ́mísírì ni ọ̀pọ̀ wọn máa kọ́kọ́ béèrè, wọ́n sì sábà máa ń fẹ́ bàọ́lọ́jì mọ́ ọn, ó wá lè fi jọ́gíráfì ṣe ìkẹta. Ní ti UCAS, àwọn tó ń gba fọ́ọ̀mù yunifásítì, A nínú jọ́gíráfì jẹ́ póìǹtì 48, A nínú kẹ́mísírì náà jẹ́ 48, wọn ò fojú tẹ́ńbẹ́lú ọ̀kan. Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn tó ń ṣètò ìlú, àwọn tó ń ṣírò ibi tí omíyalé lè dé, àwọn oníṣẹ́ ìbánigbófò, àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe máàpù tí wọ́n ń pè ní GIS, inú wọn lẹ máa bá àwọn tó ka jọ́gíráfì.

Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣe é. Ọdún méjì ni A-level, ọmọ tó ń fi tipátipá ka nǹkan fún ọdún méjì, ẹ̀yin náà lẹ máa jọ jìyà ẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n Olóòtú, ẹ ǹlẹ́ o. Year 12 ni mo wà, AQA, ọ̀kan lára àwọn board tó ń ṣe ìdánwò, là ń ṣe. Mo ń há gbogbo case study, ìyẹn àwọn àpẹẹrẹ ibi gidi, sórí, mo mọ ọdún, mo mọ iye, mo tiẹ̀ mọ orúkọ òpópónà, síbẹ̀ ìbéèrè olójú 20 máàkì mi kì í kọjá 9. Tísà kàn máa ń kọ "kí wá ni?" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni. Kí ni mò ń ṣe tí ò dáa? *Ọ̀dọ́mọkùnrin, Croydon*

Èsì: Àbúrò mi, òótọ́ ni tísà ẹ ń sọ, inú mi sì dùn pé o béèrè nígbà tí àkókò ṣì wà. Nínú 20 máàkì yẹn, ní AQA, 10 ni wọ́n ń fún ohun tó o mọ̀, 10 yòókù jẹ́ ti ohun tó o fi ìmọ̀ yẹn ṣe. Ìwọ ń kó gbogbo agbára ẹ sí 10 àkọ́kọ́, o wá ń fi ìkejì sílẹ̀ lófìfo, ìdí nìyẹn tó o fi ń dúró ní 9.

Jẹ́ ká mú Holderness, etí òkun East Yorkshire, ó dá mi lójú pé ẹ ti ṣe é tàbí ẹ máa tó ṣe é. Ọmọ tó ń há nǹkan sórí máa kọ pé òkun ń jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 2 lọ́dún, pé ní 1991 wọ́n kó òkúta ràbàtà wá ṣe groyne méjì (ògiri tó yọ wọ inú òkun) sí abúlé Mappleton, pé owó ẹ̀ tó mílíọ̀nù pọ́n-ùn méjì, pé Great Cowden wà ní gúúsù ẹ̀. Ó tán. Kí wá ni? Ẹni tó ń so ó pọ̀ máa bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ilẹ̀, á ní amọ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ tí yìnyín ayé àtijọ́ wọ́ wá dà síbẹ̀ ni ilẹ̀ yẹn, bí òjò bá ti rin ín ó ń ya lulẹ̀ ni, kò dà bíi ti Flamborough Head lókè lọ́hùn-ún tó jẹ́ chalk, òkúta ẹfun tó le. Ìgbì Òkun North Sea ń ti àríwá rìn wá láti ọ̀nà jíjìn kó tó dé ibẹ̀, ìgbì yẹn náà ló ń gbé yanrìn lọ sí gúúsù. Nígbà tí wọ́n wá ri groyne mọ́lẹ̀ ní Mappleton, yanrìn ró síbẹ̀, abúlé náà àti títì rẹ̀ rí ààbò, àmọ́ yanrìn tó yẹ kó lọ bo ẹsẹ̀ ilẹ̀ Great Cowden ò dé ibẹ̀ mọ́, ni òkun bá dojú kọ ilẹ̀ oko wọn, ó ń jẹ ẹ́ kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà náà lo tó lè dáhùn bóyá iṣẹ́ yẹn ṣàṣeyọrí: fún ta ni? Fún ìgbà wo? Ta ló san owó ẹ̀, ta ló sì pàdánù? Fact kan náà lo lò o, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́.

Ó tún wà bẹ́ẹ̀ nínú hazards, ìyẹn àwọn jàǹbá bí ìmìtìtì ilẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n agbára ìmìtìtì ilẹ̀, ti Haiti ní January 2010 jẹ́ 7.0, ti Japan ní March 2011 jẹ́ 9.0, ìyẹn ni pé agbára tó jáde nínú ti Japan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 1,000 ti Haiti, síbẹ̀ Haiti làwọn tó kú ti pọ̀ jù lọ fíìfíì, ní Japan pàápàá tsunami ló pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó kú, kì í ṣe ilé tó wó. Bó o bá kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀ tó o sì kọjá lọ, o ti ju wúrà nù. Dúró níbẹ̀, bèèrè ìdí, ilé tí wọn ò kọ́ dáadáa, ìṣẹ́, ìjọba tí ò lágbára, ibi tí ilẹ̀ ti là tó sún mọ́ olú ìlú tí èèyàn kún bámúbámú. Orúkọ òpópónà tó ò ń há yẹn, fi í lẹ̀. Mọ ibi mẹ́rin tàbí márùn-ún débi tó o fi lè bá èèyàn jiyàn lé wọn lórí.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, NEA, iṣẹ́ ìwádìí tí kálukú ń ṣe fúnra ẹ̀ fún A-level, ti fẹ́ mú mi ya wèrè. Tísà ní òun ò lè fún wa ní topic, pé ká lọ ronú. Mo ti ronú ronú, "ipa climate change lórí England" nìkan ni mo rí. Ṣé ó dáa? *Ọmọbìnrin, Milton Keynes*

Èsì: Fara balẹ̀, àbúrò. Tísà yín ò fìyà jẹ yín o, òfin ni. Iṣẹ́ yẹn kó ìdá 20 nínú 100 gbogbo máàkì A-level jọ́gíráfì, board yòówù kẹ́ ẹ máa ṣe, ìwọ fúnra ẹ lo sì gbọ́dọ̀ gbé ìbéèrè ẹ̀ kalẹ̀, tísà lè tọ́ yín sọ́nà lápapọ̀ ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ yan ìbéèrè fún ẹ, kò sì gbọ́dọ̀ máa bá ẹ tún un kọ. Èmi fẹ́ràn òfin yẹn gan-an. Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa ṣe fọ́dún méjì, ibẹ̀ nìkan lẹ ti máa béèrè ohun tí ẹnì kankan ò tíì dáhùn ẹ̀ rí, kódà tísà yín ò mọ̀ ọ́n.

Topic tó o mú yẹn ti tóbi jù. Wọ́n ń retí nǹkan bíi 3,000 sí 4,000 ọ̀rọ̀, iṣẹ́ ìta tí wọ́n sì ní dandan fún yín látìbẹ̀rẹ̀ dópin A-level jẹ́ ọjọ́ 4 ó kéré tán, gbogbo England ò lè wọ inú ẹ̀. Wá ohun tó o lè fọwọ́ ara ẹ wọ̀n, níbi tó o lè padà lọ bí òjò bá lé ẹ wálé. Páàkì tó wà nítòsí yín ńkọ́? Ṣé ilẹ̀ abẹ́ igi ń fa omi yára ju ilẹ̀ táwọn èèyàn ti tẹ̀ le gbagidi lọ? Agolo tí wọ́n gé ìdí ẹ̀, rúlà, omi àti fóònù tó máa ka ìṣẹ́jú lo nílò, bó sì ṣe kéré yẹn, ó wọ inú ọ̀rọ̀ omíyalé àti omi inú ilẹ̀ tààrà. Tàbí kó o bi àwọn àgbà àdúgbò yín bí ibẹ̀ ṣe yí padà, kó o wá gbé ọ̀rọ̀ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ census 2011 àti ti 2021, ọ̀fẹ́ ni, wò ó bóyá ó bára mu. Bẹ́ ẹ bá máa lọ sétí òkun pẹ̀lú kíláàsì, o lè wo bóyá òkúta ibẹ̀ ń kéré sí i tó sì ń rí roboto sí i bó o ṣe ń tẹ̀ lé ọ̀nà tí ìgbì ń gbé wọn lọ. Ẹ lè jọ kó nọ́ńbà jọ o, wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí kálukú ṣe ìtúpalẹ̀ àti ìwé tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Má lọ wọn ibi márùn-ún péré tó o bá máa lo Spearman's rank, ìṣirò tó ń wò bóyá nǹkan méjì jọ ń yí pọ̀, jẹ́ kó tó mẹ́wàá, kó ju bẹ́ẹ̀ lọ bó bá ṣeé ṣe. Kọ ìdí tó o fi yan ibi kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó o tó gbàgbé. Tí èsì ẹ bá tako ohun tó o rò, mo bẹ̀ ẹ́, má fọwọ́ kan nọ́ńbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń fún yín ní máàkì torí pé ẹ jàre, wọ́n ń wo bó o ṣe ṣàlàyé ohun tó o rí ni. Odò, má dá wọ̀ ọ́ o, nítorí Ọlọ́run. Etí òkun náà, wo àkókò tí omi máa kún kó o tó sọ̀ kalẹ̀.

Ìbéèrè: Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọmọ mi fẹ́ lọ sí Lake District fún iṣẹ́ ìta, owó ò sí lọ́wọ́ mi báyìí. *Bàbá, Birmingham*

Èsì: Ẹ bi kọ́lẹ́ẹ̀jì nípa 16 to 19 Bursary Fund, owó ìrànwọ́ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ orí yẹn, lónìí, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń lọ. Àwọn ọmọ tó wà ní ipò pàtàkì, bí èyí tí ìjọba ń tọ́jú, lè rí tó £1,200 lọ́dún, fún àwọn tó kù kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń wo owó tó ń wọlé sílé kó tó pinnu, fọ́ọ̀mù wọn sì yàtọ̀ síra. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá, irú ẹ̀ gan-an ni wọ́n dá owó yẹn sílẹ̀ fún.

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni kí n ṣe A-level mátíìsì mọ́ jọ́gíráfì? *Akẹ́kọ̀ọ́, Luton*

Èsì: Rárá o. Wàá bá ìṣirò pàdé, Spearman's rank, chi-squared, yíya graph àti kíkà á, ṣùgbọ́n mátíìsì GCSE tó dáa ti tó fún un. Tó o bá fẹ́ ka jọ́gíráfì ní yunifásítì, wò ó bóyá BA ni tàbí BSc, torí àwọn BSc míì máa ń fẹ́ sáyẹ́ǹsì tàbí mátíìsì kan mọ́ ọn, lọ ka ohun tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan kọ kó o tó yan mẹ́ta ẹ.