Díráyà tó ń gbóná tí aṣọ kò gbẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní díráyà yín, ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ, ń gbóná, síbẹ̀ aṣọ ń lo wákàtí méjì kó tó gbẹ. Ẹ má tíì pe oníṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ni kò ríbi jáde. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ bọ́ síta, kí ẹ gbé ọwọ́ sójú ihò tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gbà jáde. Bí kò bá fẹ́ yín lọ́wọ́ dáadáa, ó ṣeé ṣe kí páìpù ẹ̀yìn rẹ̀ ti dí. Èmi fa tèmi yọ lọ́jọ́ kan: eruku òwú kún garawa, bí irun àgùntàn! Ẹ yọ díráyà lára iná kí ẹ tó fọwọ́ kàn án o. Asẹ́ díráyà tó ń gba eruku òwú ńkọ́? Ẹ yọ ọ́ síta, kí ẹ bu omi sí i. Bí omi bá dúró lójú rẹ̀ tí kò jò, ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́.