Ayaba inú páálí ìṣáná

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀bá-Ilé ni àpótí oyin mi wà. Mo gbọn ìdajì oyin inú rẹ̀ sí àpótí tuntun kí wọ́n lè di méjì. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, àpótí tuntun ti ṣófo. Ẹnì kan ní òun á ta ayaba, ìyá oyin tó ń yé ẹyin, fún mi ní 10,000 náírà. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á. Kì í ṣe ayaba lẹ gbàgbé, ẹyin ni.

Àwọn tó ń ta "ayaba" kiri Àkúrẹ́ yìí ti sú mi. Obìnrin kan gbé ọ̀kan wá bá mi nínú páálí ìṣáná. Ó rí kìǹbà, ìdí rẹ̀ ṣe kúǹbú, ojú rẹ̀ méjèèjì tóbi débi pé wọ́n pàdé ní àtàrí. Akọ oyin ni! Kò lè yé ẹyin, kò tilẹ̀ lè ta ènìyàn. Owó oúnjẹ ọmọ ni obìnrin náà fi rà á.

Ohun tí wọ́n fi ń rí wa mú ni pé a rò pé oyin ní ìdílé ọba bíi tiwa, pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ oyè kò lè jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Irú ẹyin tó ń di òṣìṣẹ́, ìyẹn àwọn abo oyin tó ń ṣe iṣẹ́ ilé tó sì ń wá oúnjẹ, náà ló ń di ayaba. Oúnjẹ ló yà wọ́n. Bí ẹyin bá pa, gbogbo ìdin ni wọ́n ń fún ní omi funfun kan tó dà bíi wàrà, tó ń ti orí àwọn oyin tó ń tọ́mọ jáde. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á gba ìyẹn lẹ́nu òṣìṣẹ́, wọ́n á máa fún un ní oyin lílá àti ìyẹ̀fun òdòdó. Èyí tí wọ́n bá fi omi funfun yẹn bọ́ títí, nínú ilé gígùn tó rọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹ̀pà tí a kò tíì pa, òun ló ń di ayaba. Nǹkan bí ọjọ́ 16 láti ìgbà tí wọ́n ti yé e ló ń jáde. Òṣìṣẹ́ ń lo nǹkan bí ọjọ́ 21.

Nítorí náà, oyin tí kò ní ayaba á ṣe é fúnra wọn, bí ẹyin tàbí ìdin kékeré bá wà lọ́wọ́ wọn. Tiyín kò ní nǹkan kan. Kí ni wọn ò bá fi ṣe é?

Àpótí tó kún dáadáa nìkan ni kí ẹ pín, lásìkò tí ewé Akíntọ́lá bá ń tanná lẹ́yìn òjò. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ fi èéfín tù wọ́n, kí ẹ kó igi afárá (igi tí afárá so rọ̀ sí) mẹ́rin sí àpótí tuntun pẹ̀lú gbogbo oyin tó lẹ̀ mọ́ ọn: méjì tó ní ẹyin, ọ̀kan tó ní ọmọ tí wọ́n ti fi ìda dé ihò wọn, ọ̀kan tó ní oyin lílá. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn kí ẹ wo inú ihò: ẹyin á dúró ṣánṣán ní ìsàlẹ̀ bí ẹ̀já òwú funfun. Ẹ má dábùú afárá o, á já.

Ẹ gbé àpótí tuntun náà jìnnà tó kìlómítà 5, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn tó ń jáde wá oúnjẹ á padà sílé àtijọ́. Kí ó má sì jẹ́ ẹ̀bá oko kòkó tí wọ́n ń fín oògùn sí.

Èmi kò rí àpótí yín, nítorí náà ẹ mú ẹni tó ti ṣe é rí dání. Ẹ má so ewúrẹ́ sítòsí. Ẹni tí oyin ti ta rí tí gbogbo ara rẹ̀ wú, tàbí tí èémí rẹ̀ há, kò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá.

Ẹ má ṣí i wò fún oṣù kan. Bí ẹ bá wá bá ẹyin méjì mẹ́ta nínú ihò kan náà káàkiri afárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òṣìṣẹ́ ló ń yé e. Ẹ pè mí kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan.