Ìbéèrè Yín Lórí Kọ̀ǹpútà: Ẹni Tó Fẹ́ Padà Sídìí Mainframe

Lẹ́tà mẹ́rin la yàn lóṣù yìí, gbogbo wọn láti ilẹ̀ Èkìtì, gbogbo wọn lórí mainframe, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn báǹkì àti ilé-iṣẹ́ adójútòfò fi ń ṣírò owó.

Ẹ̀yin olóòtú, mo kí i yín láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ COBOL, èdè tí a fi ń kọ ètò, àti JCL, tí a fi ń sọ iṣẹ́ tí mainframe máa ṣe fún un, kí n tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 2007, nígbà tí a wà lórí z/OS 1.8, ètò tó ń darí mainframe. Wọ́n tún ti ń pè mí báyìí. Kí ló ti yí padà? Ṣé kí n lọ bẹ̀rẹ̀ láti A, B, D ni?

Bàbá wa, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti A, B, D. JCL tí ẹ mọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ètò tí wọ́n kọ láyé System/370, mainframe IBM àtijọ́, ṣì ń sáré lórí ẹ̀rọ òde òní láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún un kọ̀mpáìlì, ìyẹn ni pé kó tún un sọ di èdè ẹ̀rọ. Ohun tó yí padà jù ni ọ̀nà tí à ń gbà wọlé, ọ̀nà tí à ń gbà kọ̀mpáìlì, àti ètò ààbò.

Ẹ jẹ́ ká tètè sọ ti ẹ̀rọ mainframe IBM kúrò nílẹ̀: z14 jáde ní 2017, z15 ní 2019, z16 ní 2022, z17 ní 2025. z/OS 3.1 dé ní 2023, kò sì lè sáré lórí ẹ̀rọ tó bá ṣáájú z14. Bí ibi iṣẹ́ yín bá ń lo JES3, ètò tó ń gba jọ́ọ̀bù tó sì ń tò wọ́n sí ìlà, nígbà náà, ẹ béèrè ibi tí wọ́n kó o lọ, torí z/OS 2.5 ni ẹ̀dà tí IBM fi JES3 sí kẹ́yìn.

Nínú JCL, àfikún ló wà, kò sí ohun tí wọ́n wó. Láti z/OS 1.13, ẹ lè kọ dátà sínú PROC gan-an, ìyẹn JCL tí a tọ́jú fún àtúnlò. Láti 2.1, ẹ lè fi PARMDD fún ètò ní PARM, ìyẹn ìtọ́ni ìbẹ̀rẹ̀, tó gùn ju lẹ́tà 100 lọ. Láti 2.2, GDG, ìyẹn àkójọ ìran fáìlì kan náà, tí wọ́n bá ṣí pẹ̀lú EXTENDED lè gba ìran 999 dípò 255. Láti 2.3, orúkọ ìwọlé TSO, ibi tí à ń gbà wọ z/OS, lè pé lẹ́tà 8. Èyí dára, àmọ́ ó ní ìdẹkùn kan: àṣà àtijọ́ ni kí á fi lẹ́tà kan kún orúkọ ìwọlé láti fi sọ jọ́ọ̀bù lórúkọ, orúkọ jọ́ọ̀bù kò sì gbọdọ̀ ju 8 lọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti kún kò ní àyè mọ́.

Ojú 3270 àti ISPF, ojú ìṣiṣẹ́ àtijọ́ tó jẹ́ ìkọ̀wé nìkan, wà níbẹ̀ bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ máa bá níbẹ̀ kì í sábà lò ó. VS Code, ètò ìkọ kọ́ọ̀dù, ni wọ́n fi ń ṣí data set, ìyẹn fáìlì mainframe, Git, tó ń tọ́jú ìtàn àyípadà, ni wọ́n ń kó kọ́ọ̀dù sí, Zowe ló sì so wọ́n mọ́ z/OS. Ọdún 2018 ni Zowe jáde, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ fi Node.js sórí láptọ́ọ̀pù yín, lẹ́yìn náà ẹ tẹ `npm install -g @zowe/cli`, kí ẹ wá tẹ `zowe config init`. Á béèrè orúkọ ẹ̀rọ. Pọ́ọ̀tù z/OSMF, ètò tí Zowe ń bá sọ̀rọ̀ lórí mainframe, 443 ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ fi `zowe zosmf check status` dán an wò. Bó bá kọ̀ nítorí ìwé ẹ̀rí ààbò, ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kí ẹ sọ `rejectUnauthorized` di false. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí iṣẹ́ owó ń gbà kọjá. Ẹ ní kí àwọn aláàbò fún yín ní ìwé ẹ̀rí CA wọn, ìyẹn ti aláṣẹ tó ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ààbò.

Bí àmì [ àti ] bá yí padà nínú fáìlì tí ẹ fi ránṣẹ́, ẹ wo codepage, ìyẹn àtẹ tó ń sọ nọ́ńbà báìtì tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń jẹ́. Nínú IBM-1047, X'AD' àti X'BD' ni wọ́n. Nínú IBM-037, X'BA' àti X'BB' ni. Fáìlì kọ́ ló bàjẹ́, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni kò fohùn ṣọ̀kan.

Ní ti ààbò, pọ́ọ̀tù 23 tí kò ní ìbòrí ti di títì ní ibi tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀. 992 pẹ̀lú TLS ni wọ́n sábà ń lò. Ọ̀rọ̀ aṣínà onílẹ́tà 8 ti ń fàyè sílẹ̀ fún gbólóhùn aṣínà tó jẹ́ lẹ́tà 14 sí 100, wọ́n sì lè béèrè nọ́ńbà láti orí fóònù pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Láti Adó-Èkìtì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun. À ń kó ètò wa kúrò lórí kọ̀mpáílà COBOL 4.2 lọ sí 6.4. Ètò kan tí kì í yọ wá lẹ́nu ti ń mú àròpọ̀ mìíràn jáde, òmíràn ń kú pẹ̀lú S0C7, àṣìṣe tó ń wáyé bí ohun tó yẹ kó jẹ́ nọ́ńbà kò bá jẹ́ nọ́ńbà. A ò yí lẹ́tà kan padà nínú kọ́ọ̀dù. Ṣé kọ̀mpáílà ló ní àṣìṣe ni?

Ó ṣòro kó jẹ́ kọ̀mpáílà, arábìnrin wa. Inú dátà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo lẹ́tà tó dé, nítorí IBM ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn 4.2 dúró láti oṣù kẹrin 2022, kò sì sí bí ẹni tó ń padà sídìí iṣẹ́ yìí ṣe máa yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ẹ mú ààyè kan tó jẹ́ PIC 9(5), ìyẹn ààyè fún nọ́ńbà márùn-ún, kí a pè é ní IYE. Ètò kan níwájú kò fi nọ́ńbà sí i, ó fi àlàfo sílẹ̀. Nínú EBCDIC, ọ̀nà tí mainframe fi ń fi báìtì dúró fún lẹ́tà àti nọ́ńbà, òdo jẹ́ X'F0', àlàfo jẹ́ X'40'. Kọ̀mpáílà àtijọ́ sábà máa ń sọ IYE di packed, ìyẹn nọ́ńbà méjì nínú báìtì kan, kó tó fi í wé nǹkan. Á gé ìdajì òkè báìtì kọ̀ọ̀kan sọnù, á tún àmì tó wà níparí ṣe, àlàfo á wá di òdo. `IF IYE = 0` á jẹ́ òtítọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Kọ̀mpáílà 6 gbà pé ohun tí ẹ bá pè ní nọ́ńbà, nọ́ńbà ni. Ó lè fi báìtì wé báìtì tààrà kí iṣẹ́ lè yá, X'40' kì í sì í ṣe X'F0'. Ètò á gba ojú ọ̀nà mìíràn, àròpọ̀ á yàtọ̀. Bí ojú ọ̀nà tuntun yẹn bá já sí ìlà tó ń ṣírò COMP-3, ààyè packed, tí ẹnikẹ́ni kò fi iye sí rí, S0C7 nìyẹn.

Ìdí kejì ni táábù tí wọ́n ń kọ kọjá òpin rẹ̀. Bí WORKING-STORAGE, ibi tí ètò ń tọ́jú dátà rẹ̀, ṣe tò nínú ìrántí ti yí padà. Ohun tó ń ta sórí àyè tí kò wúlò tẹ́lẹ̀ lè máa ta sórí owó oníbàárà báyìí.

Ohun tí ẹ máa ṣe: lórí ẹ̀rọ ìdánwò, ẹ fi àwọn olùyẹ̀wò inú kọ̀mpáílà, NUMCHECK(ZON,PAC), SSRANGE, PARMCHECK àti INITCHECK, kọ̀mpáìlì ètò náà, pẹ̀lú OPT(0), ìyẹn láìmú iṣẹ́ yá. Ẹ jẹ́ kí NUMCHECK wà ní MSG, kó máa kọ ìkìlọ̀ kó sì máa lọ. Bí ẹ bá lo ABD, á kú níbi àkọ́kọ́, ẹ ò ní rí ìyókù. Ẹ lo ẹ̀dà dátà ìparí oṣù gidi. Dátà ìdánwò tí èèyàn fọwọ́ tò mọ́ jù, kò ní fi ohunkóhun hàn yín. Ìkìlọ̀ tí ẹ bá rí, ẹ tọpa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ètò tó kọ rẹ́kọ́ọ̀dù náà, kí ẹ fi INITIALIZE síbẹ̀, kí ẹ sì fi `IF IYE IS NUMERIC` ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. INVDATA ní 6.4, tàbí ZONEDATA nínú àwọn 6 tó ṣáájú rẹ̀, lè mú kí ètò ṣe bíi ti àtijọ́ bí àkókò bá há. Ẹ lò ó bí ẹ bá ní láti lò ó, àmọ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bíi gbèsè, nítorí dátà burúkú náà ṣì wà níbẹ̀.

Tí gbogbo rẹ̀ bá mọ́, ẹ yọ àwọn olùyẹ̀wò yẹn, torí wọ́n ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, kí ẹ wá lo OPT(2), tó ń mú iṣẹ́ yá, àti ARCH, tó ń sọ irú ẹ̀rọ tí ètò máa sáré lórí rẹ̀. ARCH(12) wà fún z14, 13 fún z15, 14 fún z16. Ẹ̀rọ tó kéré jù nínú gbogbo èyí tí ètò náà lè bá ara rẹ̀ lórí rẹ̀ ni kí ẹ yàn, títí kan èyí tí wọ́n fi pamọ́ fún ọjọ́ ìjàǹbá. Bí ẹ bá yan 14 tí z14 sì wà níbẹ̀, ọjọ́ ìjàǹbá gan-an ni S0C1, àṣìṣe àṣẹ tí ẹ̀rọ kò mọ̀, máa jáde.

JCL ìkọ̀mpáìlì náà ń fẹ́ àtúnṣe. Ẹ fi SYSUT8 dé SYSUT15 àti SYSMDECK kún un, kí REGION má dín ní 200M. SYSLMOD, ibi tí ètò tí a ti kọ̀mpáìlì ń lọ, gbọ́dọ̀ jẹ́ PDSE, irú àpò fáìlì tuntun, ìyẹn DSNTYPE=LIBRARY. Bó bá jẹ́ PDS àtijọ́, binder, tó ń so ètò pọ̀, á kọ IEW2606S sí yín lójú, kò sì ní fi ètò náà pamọ́.

Ẹ kúuṣẹ́. Láti Ìjerò ni mo ti ń kọ̀wé. Kí ló dé tí ẹ, ọ àti ṣ fi ń di àmì ìbéèrè tàbí òfìfo nínú orúkọ wa bó bá ti kọjá lórí mainframe? Ṣé kò sí àtúnṣe ni?

Àtúnṣe wà, ó sì yẹ kí àwọn tó ń kọ ètò fún wa máa béèrè fún un. Lẹ́tà wọ̀nyí kò sí nínú IBM-1047 àti IBM-037 rárá, nítorí náà kò sí ibi tí wọ́n máa fi wọ́n sí. UTF-8, ọ̀nà ìfi-báìtì-kọ̀wé tó gba lẹ́tà gbogbo èdè, ni ọ̀nà. COBOL 6.3 ló mú PIC U, irú ààyè kan, wá fún un. Nínú Db2, ibi ìpamọ́ dátà IBM, ẹ fi CCSID UNICODE ṣí táábù.

Ìwọ̀n ni ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í. Ẹ wo orúkọ Ọ̀yẹ́: lẹ́tà mẹ́ta lójú wa, àmọ́ Ọ gba báìtì 3, àmì ohùn rẹ̀ 2, y gba 1, ẹ gba 3, àmì ohùn rẹ̀ 2. Báìtì 11 nìyẹn. VARCHAR, ààyè ọ̀rọ̀ nínú Db2, máa ń ka báìtì nínú táábù UTF-8, nítorí náà VARCHAR(20) kò lè gba orúkọ Yorùbá gígùn tó ní àmì. PIC U ní tirẹ̀ ń ka àmì ohùn bíi lẹ́tà, nítorí náà àyè 5 ni Ọ̀yẹ́ ń fẹ́, kì í ṣe 3. Ẹ tún rí i pé gbogbo orúkọ wà ní ìrísí kan ṣoṣo kí ẹ tó tọ́jú wọn, torí è lè jẹ́ àmì kan tàbí méjì tí a so pọ̀. Ojú kò ní rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó ń wá orúkọ á ní kò sí.

Ẹ̀yin àgbà, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù nìkan ni mo ní, iná kì í sì í dúró.

Láptọ́ọ̀pù náà tó. Fi GnuCOBOL, kọ̀mpáílà COBOL ọ̀fẹ́ fún láptọ́ọ̀pù, bẹ̀rẹ̀: lórí Ubuntu, `sudo apt install gnucobol`, lẹ́yìn náà `cobc -x -std=ibm IROYIN.cob`. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí o bá ti gbé e sórí ẹ̀rọ. Kọ kọ́ọ̀dù láti òpó 8 dé 72, torí bẹ́ẹ̀ náà lo máa bá a níbi iṣẹ́. Kí o sì rántí pé lórí láptọ́ọ̀pù rẹ nọ́ńbà ṣáájú lẹ́tà bí o bá to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ. Nínú EBCDIC, lẹ́tà ló ṣáájú nọ́ńbà.

Fún z/OS gidi, forúkọ sílẹ̀ ní IBM Z Xplore, ibi ìkọ́ni IBM lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, VS Code àti Zowe Explorer ni wàá sì lò níbẹ̀. Ìkọ̀wé lásán ló ń lọ tó ń bọ̀, kì í jẹ dátà bíi fídíò.

Bí o bá fẹ́ mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń jí àti bó ṣe ń sùn, gba Hercules, ètò tó ń mú láptọ́ọ̀pù ṣe bíi mainframe, pẹ̀lú TK5, tí MVS 3.8j, baba ńlá z/OS, wà nínú rẹ̀. COBOL inú rẹ̀ dàgbà débi pé kò mọ END-IF, nítorí náà má fi í kọ́ COBOL. JCL àti kọ́ńsólù ni kí o fi í kọ́. Pa MVS kí o tó pa láptọ́ọ̀pù, kí bátìrì tó lọ sílẹ̀ jù. Nígbà tó bá wà ní pípa, da àpò dásídì rẹ̀ (DASD, ìyẹn dísìkì mainframe) kọ sí ibòmíràn, kí o lè rí ibi padà sí bí iná bá já ọ gbà lójijì.