Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Níbo Ni Àtúnṣe Búlọ́ọ̀gù Yín Wà?

Púpọ̀ nínú lẹ́tà tí ó wọlé ní oṣù yìí dá lórí WordPress, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí a fi ń ṣe búlọ́ọ̀gù àti ìkànnì, tí Matt Mullenweg àti Mike Little gbé jáde ní ọdún 2003. Bí àwọn ìbéèrè náà tilẹ̀ yàtọ̀ síra, ohun kan náà ni ẹ ó rí i pé mo ń tẹnu mọ́: kí ẹ tó yí ohunkóhun padà lójú búlọ́ọ̀gù yín, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí WordPress yóò fi àyípadà náà pamọ́ sí, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ń pinnu bóyá yóò pẹ́ tàbí yóò pòórá.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ theme búlọ́ọ̀gù mi sí Twenty Twenty-Five, ṣùgbọ́n n kò rí Customize mọ́ lábẹ́ Appearance, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni mo ti máa ń yí àwọ̀ padà. Ṣé nǹkan bàjẹ́ ni, àbí wọ́n ti mú un kúrò?

Kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Oríṣi theme, èyíinì ni àkójọ fáìlì tí ó ń pinnu ìrísí ìkànnì, méjì ni ó wà nílẹ̀ báyìí. Nínú àwọn ti àtijọ́, kóòdù PHP, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi kọ WordPress, ni wọ́n fi kọ ètò ojú-ewé, Customize sì ni wọ́n pèsè fún ẹni tí kò fẹ́ fọwọ́ kan kóòdù. Àwọn tuntun, tí wọ́n ń pè ní block theme, wọlé pẹ̀lú ẹ̀yà 5.9 ti WordPress ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022. Nínú wọn, òkè ìkànnì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti bí àwọn àpilẹ̀kọ ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn ti di block, ègé tí a lè tún ṣe tàbí gbé kiri lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìpínrọ̀ àti àwòrán inú àpilẹ̀kọ ṣe di block láti ìgbà ẹ̀yà 5.0, ní oṣù kejìlá ọdún 2018. Ọ̀kan nínú wọn ni Twenty Twenty-Five, tí ó bá ẹ̀yà 6.7 dé ní oṣù kọkànlá ọdún 2024.

Dípò Customize, ẹ tẹ Editor lábẹ́ Appearance. Styles ni ẹ ó ti yí àwọ̀, fọ́ọ̀ntì àti àlàfo padà fún gbogbo ìkànnì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Templates sì ni ẹ ó ti tún ètò oríṣi ojú-ewé kọ̀ọ̀kan tò; template ni wọ́n ń pe ètò bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe gbójú fo Style Book, tí ó dé pẹ̀lú ẹ̀yà 6.2: ó ń to àkọlé, ìpínrọ̀, bọ́tìnnì, tábìlì àti àwọn block yòókù síwájú yín, kí ẹ lè rí bí àwọ̀ tuntun yóò ṣe rí lára gbogbo wọn kí ẹ tó tẹ Save. Láti ẹ̀yà 6.3, tí ẹ bá ti bà á jẹ́ jù, Styles ní àkọsílẹ̀ àwọn àtúnṣe yín àtẹ̀yìnwá, ẹ sì lè padà sí èyí tí ẹ bá fẹ́.

Ohun tí àwọn tí ó ń kọ́ni kì í sábà sọ ni pé àtúnṣe tí ẹ bá ṣe nínú Editor kì í wọ inú fáìlì theme. Inú database ìkànnì yín, ibi tí àwọn àpilẹ̀kọ àti ètò yín wà ní ìpamọ́, ni ó wà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí theme bá gba ẹ̀yà tuntun, àtúnṣe yín kò ní parẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé template tí ẹ ti tún ṣe ni yóò máa hàn, kódà bí ẹni tí ó ṣe theme náà bá ti tún tirẹ̀ ṣe dáadáa nínú fáìlì, tí ẹ kò sì ní mọ̀ pé ohun tuntun kan wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fura sí irú èyí, ẹ lo Reset lórí template náà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ da àwọn block tí ẹ ṣì nílò kọ síbòmíràn. Ẹ rántí pẹ̀lú pé theme tí ẹ ń lò lọ́wọ́ nìkan ni àwọn template yìí so mọ́. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ theme yóò tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo wọ inú Theme File Editor, mo sì kọ CSS (kóòdù ìrísí) tèmi sí ìsàlẹ̀ fáìlì style.css. Ó ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo gba ẹ̀yà tuntun theme náà, gbogbo rẹ̀ lọ. Ṣé mo lè rí i gbà padà?

Àfi bí ẹni tí ó gbà yín sórí server rẹ̀, kọ̀ǹpútà tí ìkànnì yín ń gbé, bá ní ẹ̀dà ọjọ́ àtijọ́ ní ìpamọ́. Bí WordPress bá fẹ́ fi ẹ̀yà tuntun theme kan sílẹ̀, fódà àtijọ́ ni ó ń kó kúrò pátá, ó sì ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Kì í yẹ inú rẹ̀ wò bóyá ọwọ́ ẹnìkan ti kan ohunkóhun níbẹ̀. Èrò tèmi ni pé kò sí ìdí kankan tí oníbúlọ́ọ̀gù fi yẹ kí ó lo Theme File Editor lórí theme tí ẹlòmíràn ṣe.

Fún ìlà CSS díẹ̀, Additional CSS ti tó. Ó ti wà nínú Customize láti ẹ̀yà 4.7 ní ọdún 2016, nínú block theme sì rèé, ẹ ó rí i bí ẹ bá tẹ àmì mẹ́ta tí ó tò tẹ̀ lé ara wọn lókè Styles. Inú database ni ó wà, nítorí náà ẹ̀yà tuntun kò lè nù ún kúrò, ṣùgbọ́n òun náà so mọ́ theme tí ẹ kọ ọ́ sí.

Bí àtúnṣe náà bá pọ̀, tàbí bí ó bá kan kóòdù PHP, child theme ni ẹ nílò, èyíinì ni theme ọmọ tí ó ń jogún gbogbo ohun tí ó wà nínú theme òbí. Ẹ dá fódà tuntun kan sílẹ̀ nínú wp-content/themes, kí ẹ sì fi style.css kan sínú rẹ̀, tí yóò bẹ̀rẹ̀ báyìí:

/*
Theme Name: Ojú Tuntun
Template: twentytwentyfour
*/

Orúkọ tí ó wù yín ni ẹ lè fi sí ìlà Theme Name. Template ni kò gba àṣìṣe: orúkọ fódà theme òbí ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́, lẹ́tà fún lẹ́tà, kì í ṣe orúkọ tí ẹ ń rí lójú ìwòran. Lẹ́yìn èyí, fáìlì template yòówù tí ẹ bá dà kọ sínú fódà yín ni WordPress yóò lò dípò ti òbí. Ti functions.php, fáìlì kóòdù PHP theme, yàtọ̀, nítorí pé ti ọmọ àti ti òbí ni yóò jọ ṣiṣẹ́, ti ọmọ ni yóò sì kọ́kọ́ wọlé. Ẹni tí ó bá da gbogbo functions.php òbí kọ sínú ti ọmọ yóò sọ orúkọ kan náà fún iṣẹ́ méjì, ìkànnì rẹ̀ yóò sì dúró gbagidi. Ohun tí ẹ fẹ́ fi kún un nìkan ni kí ẹ kọ. Bákan náà ni kí ẹ dín iye template tí ẹ ń dà kọ kù, nítorí pé bí wọ́n bá tún àṣìṣe kan ṣe nínú ti òbí, ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ yín kò ní gbọ́ nípa rẹ̀.

Fọ́ọ̀ntì theme mi dùn ún wò, ṣùgbọ́n bí mo bá kọ Yorùbá, àmì ohùn máa ń yẹ̀ kúrò lórí lẹ́tà, àwọn lẹ́tà kan sì máa ń dà bíi pé inú fọ́ọ̀ntì mìíràn ni wọ́n ti wá. Kí ni kí n ṣe?

Inú fọ́ọ̀ntì mìíràn ni wọ́n ti wá lóòótọ́. Bí fọ́ọ̀ntì kan kò bá ní lẹ́tà tí ẹ kọ, ẹ̀rọ tí a fi ń ka ìkànnì yóò yá a láti inú fọ́ọ̀ntì mìíràn tí ó bá wà nítòsí. Ní ti àmì tí ó ń yẹ̀, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní. Lẹ́tà kan àti àmì tí ó tẹ̀ lé e ni kọ̀ǹpútà ń rí, iṣẹ́ fọ́ọ̀ntì sì ni láti mọ ibi tí yóò gbé àmì náà lé. Noto Sans àti Noto Serif mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

Ṣáájú ẹ̀yà 6.5, tí ó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024, plugin (àfikún ètò tí a ń fi sínú WordPress) tàbí kóòdù ni a fi ń gbé fọ́ọ̀ntì tuntun wọlé. Ní báyìí, bí ẹ bá ń lo block theme, ẹ wọ Styles, ẹ tẹ Typography, ẹ ó sì rí ibi tí wọ́n ti ń ṣètò fọ́ọ̀ntì. Ẹ lè gbé fáìlì ttf, otf, woff tàbí woff2 wọlé fúnra yín, ẹ sì lè mú un láti inú Google Fonts. Èyí tí ẹ bá mú láti Google pàápàá, orí server tiyín ni WordPress yóò kó o sí, kò sì sí ìdí tí ẹ̀rọ àwọn òǹkàwé yín yóò fi lọ kan ilẹ̀kùn Google. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìyára nìkan: ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ kan ní Munich, ní Jámánì, dá oníkànnì kan lẹ́bi nítorí pé fọ́ọ̀ntì tí ó ń pè tààrà láti ọ̀dọ̀ Google ń fi àdírẹ́sì IP àlejò, nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ránṣẹ́ láìgba àṣẹ.

Ẹ kó fọ́ọ̀ntì tí ó ki (bold) pẹ̀lú èyí tí ó fúyẹ́ wọlé pọ̀, nítorí pé bí èyí tí ó ki kò bá sí, ẹ̀rọ náà yóò fi agbára sọ lẹ́tà di kíki, ojú yín yóò sì rí i. Kí ẹ tó gbà pé ó dára, ẹ kọ ìlà kan tí ó ní gbogbo lẹ́tà olámì, ńlá àti kékeré, kí ẹ wò ó lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà.

Mo fẹ́ kí gbólóhùn kan nípa ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé wà nísàlẹ̀ àpilẹ̀kọ mi. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo ń dà á kọ.

Bí gbogbo àpilẹ̀kọ ni ẹ fẹ́ kí ó wà, inú template Single Posts ni kí ẹ kọ ọ́ sí, ó parí. Bí ó bá jẹ́ àwọn kan nìkan, ẹ sọ ọ́ di synced pattern, èyí tí wọ́n ń pè ní reusable block kí ẹ̀yà 6.3 tó dé. Bí ẹ bá yí i padà níbì kan, yóò yí padà níbi gbogbo. Bí ẹ bá sì pa á rẹ́, yóò pa rẹ́ níbi gbogbo, nítorí náà ẹ fara balẹ̀. Láti ẹ̀yà 6.6, ẹ lè fàyè gba kí ọ̀rọ̀ inú pattern kan yàtọ̀ láti àpilẹ̀kọ kan sí èkejì, nígbà tí ìrísí rẹ̀ yóò jẹ́ ọ̀kan náà.

Plugin kan gba ẹ̀yà tuntun, ìkànnì mi sì dákú. N kò lè wọlé mọ́. Ṣé kí n dá gbígba ẹ̀yà tuntun dúró ni?

Rárá o. Plugin tí kò gba ẹ̀yà tuntun mọ́ ni àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì fẹ́ràn jù. Ẹ kọ́kọ́ wo ímeèlì tí ẹ fi sínú Settings gẹ́gẹ́ bí ti alábòójútó. Láti ẹ̀yà 5.2, tí kóòdù plugin tàbí theme bá dá ìkànnì dúró, WordPress máa ń fi líǹkì kan ránṣẹ́ síbẹ̀. Bí ẹ bá gbà á wọlé, yóò dá ohun tí ó fa wàhálà náà dúró fún ẹ̀yin nìkan, kí ẹ lè pa á. Ìdí rèé tí kò fi yẹ kí ímeèlì yẹn jẹ́ èyí tí ẹ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Bí ímeèlì kò bá dé, ẹ gba ọ̀nà fáìlì lọ sí wp-content/plugins, kí ẹ yí orúkọ fódà plugin náà padà. WordPress kò ní rí i mọ́, yóò sì pa á fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yà 6.6, ti oṣù keje ọdún 2024, tún fi ààbò kan kún un: bí plugin tí ó ń ṣiṣẹ́ bá gba ẹ̀yà tuntun fúnra rẹ̀, tí kóòdù rẹ̀ sì fọ́, WordPress yóò dá ẹ̀yà àtijọ́ padà. Èyí tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín tẹ̀ kò sí lábẹ́ ààbò yìí, nítorí náà ẹ tọ́jú ẹ̀dà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Plugin mélòó ni mo nílò kí àwòrán má bàa fa ìkànnì mi sẹ́yìn?

Ó ṣeé ṣe kí ẹ má nílò ìkankan. WordPress fúnra rẹ̀ ń dín àwòrán tí ó bá ju píksẹ́lì 2560 lọ kù láti ẹ̀yà 5.3, láti ẹ̀yà 5.5 ni kì í ti í gbé àwòrán ìsàlẹ̀ wá títí òǹkàwé yóò fi sún mọ́ ọn, ó sì ń gba oríṣi fáìlì àwòrán tí ó fúyẹ́, WebP láti ẹ̀yà 5.8 àti AVIF láti ẹ̀yà 6.5, bí server yín bá fàyè gbà á. Plugin tí ó bá tún ń ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí lè máa dí WordPress lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí ó kù fún yín ni láti yan Large dípò Full Size nígbà tí ẹ bá ń fi àwòrán sínú àpilẹ̀kọ.

Mo fẹ́ yọ ọjọ́ kúrò nínú líǹkì àwọn àpilẹ̀kọ mi àtijọ́. Ṣé ó léwu?

Bí ẹ bá yí ìkángun líǹkì àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo padà, WordPress yóò rántí ti àtijọ́, yóò sì darí òǹkàwé sí tuntun. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí ètò gbogbo rẹ̀ padà lábẹ́ Permalinks, ibi tí a ti ń ṣètò ìrísí líǹkì, ìméfò ni ó ń lò láti wá àpilẹ̀kọ náà, ìméfò kì í sì í bá a ní gbogbo ìgbà. Bí búlọ́ọ̀gù yín bá ti pẹ́, tí àwọn ẹlòmíràn sì ti ń tọ́ka sí i, ẹ fi ọjọ́ náà sílẹ̀. Bí ó bá pọn dandan, ẹ kọ́kọ́ ṣètò ìdarí láti líǹkì àtijọ́ sí tuntun, kí ẹ sì máa kọ ìkángun líǹkì fúnra yín láìfi àmì sí i, nítorí pé lẹ́tà olámì tí WordPress kò bá mọ bí yóò ṣe sọ di lásán yóò di àmì ìdá-ọgọ́rùn-ún àti nọ́ńbà jágbajàgba lójú ẹni tí ó bá dà á kọ.